Bí Òjé Ibi Ìwakùsà Ṣe Ń Dé Inú Ìtẹ́ Ẹyẹ

Ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọkà àti èso koríko ló ń jẹ jù. Bó bá ti pa ọmọ, kòkòrò ló ń wá fún wọn, torí ọmọ ẹyẹ kò lè fi ọkà nìkan dàgbà. Níbi tí wọ́n bá ti wa kùsà tí òjé (lead, irin olóró kan) wà nínú rẹ̀, oúnjẹ yìí ni òjé ń bá wọ ìtẹ́.

Òkúta tí wọ́n bá ti lọ̀ tí wọ́n sì ti yọ ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ máa ń di iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná. Atẹ́gùn ń gbé e, àgbàrá ń wọ́ ọ lọ sí odò. Ekòló ń gbé e mì, ó sì ń wà nínú ìfun rẹ̀ títí ẹyẹ á fi ṣà á jẹ. Ìdí nìyí tí ẹyẹ tó ń tú ilẹ̀ fi ń kó òjé ju èyí tó ń mú kòkòrò lórí ewé lọ. Wọ́n ti rí èyí lára ẹyẹ robin, tó fẹ́ràn ekòló, ní agbègbè odò Coeur d'Alene ní Idaho, ní Amẹ́ríkà.

Ìyá ẹyẹ náà wà nínú ewu. Òjé jọ kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun àti èèpo ẹyin le, lójú ara, ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Lásìkò tí ìyá bá ń ṣe èèpo ẹyin, ìfun rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún kálísíọ́mù, egungun rẹ̀ náà sì ń tú tirẹ̀ sílẹ̀. Òjé tó ti sùn sínú egungun yóò tún padà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ṣaláìní kálísíọ́mù, ọ̀rọ̀ náà á burú sí i.

Lára ọmọ, òjé ń dí ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń mú iṣẹ́ ara yá) kan tí wọ́n ń pè ní ALAD lọ́wọ́, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa. Ọmọ náà lè má kú lójijì: yóò kàn fúyẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ yóò sì pẹ́ kó tó hù. Lára ọmọ herring gull, ẹyẹ etí òkun kan, òjé tilẹ̀ ń dín bí wọ́n ṣe ń tọrọ oúnjẹ kù.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, láti iṣan abẹ́ ìyẹ́ apá. Èyí tí wọ́n bá fà kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 1 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹyẹ lọ. Fún ẹ̀gà tó wọn gíráàmù 40, kò tó ìdajì mílílítà. Bí òjé bá ju máíkírógíráàmù (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) 20 lọ nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀, ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ara; bó bá dé 50, àìsàn á máa hàn. Ara pẹ́pẹ́yẹ àti àṣá ni wọ́n ti rí òṣùwọ̀n yìí, nítorí náà ẹ má fi lé ẹyẹ kékeré lórí bí òfin. Ọmọ inú ìtẹ́ ló dára jù láti yẹ̀ wò, torí àgbà lè ti jẹun jìnnà. Ìyẹ́ tí wọn kò fọ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n máa ń parọ́: eruku ara rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Ọmọ tí ejò gbé náà kì í ṣe ẹ̀bi òjé; nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìtẹ́ ibi tí kò ní òjé pẹ̀lú, kí wọ́n lè fi wé e.

Eruku ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta nítòsí Àkúrẹ́ kò fi hàn pé òjé wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, níbi tí òjé inú òkúta góòlù ti pa ọmọdé tó lé ní 400, kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́kàn wa.

Ní Harjavalta, ní Finland, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ bàbà, oúnjẹ tí kálísíọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀ ran àwọn ẹyẹ tó ń pamọ lọ́wọ́. Ìkarahun ìgbín tí a gún lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò yọ òjé kúrò nílẹ̀. Bí wọn kò bá kó iyẹ̀pẹ̀ náà kúrò tàbí kí wọ́n fi ilẹ̀ tó mọ́ bò ó, ekòló ọdún tó ń bọ̀ yóò tún gbé e mì.