Ẹni tó mọ Python lè má tíì mọ iṣẹ́

Ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ kóódù: pé èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, bíi Python tàbí JavaScript, ni gbogbo iṣẹ́ náà. Bí èèyàn bá ti mọ if (àṣẹ “bí ó bá rí báyìí”), tó mọ loop (àṣẹ àṣetúnṣe), tó mọ ibi tí kólọ̀nù ń wà, ó parí. Tí iṣẹ́ bá wá le mọ́ ọn lọ́wọ́, Python ló máa dá lẹ́bi, á sáré lọ bẹ̀rẹ̀ JavaScript.

Àmọ́ ní 2001, olùwádìí kan, Michael McCracken, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò fún akẹ́kọ̀ọ́ 216 ní yunifásítì 4, àwọn tó ti kọ́ kóódù díẹ̀ nílé ìwé. Nínú máàkì 110, ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n gbà ò tó 23. Ibi tó le jù fún wọn ni kí wọ́n ka ìbéèrè, kí wọ́n sì rí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ gan-an.

Ẹ wo ìbéèrè òjò tí Elliot Soloway ti Yunifásítì Yale sọ di olókìkí: máa gba iye òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan títí 99999 (àmì pé ó parí) yóò fi wọlé, kí o wá sọ ìpíndọ́gba. Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ mú bírò, ẹ kọ 4, 0, 8, 99999. Àròpọ̀ jẹ́ 12, ọjọ́ 3 ni, ìdáhùn jẹ́ 4. Ta ló sọ fún yín pé ọjọ́ 3 ni? Ọkàn yín ló ń kà á lábẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò ní kà á àfi tí ẹ bá ní kó kà á. Ẹlòmíì á ro 99999 mọ́ òjò (irú òjò wo nìyẹn!). Tó bá wá jẹ́ 99999 ló kọ́kọ́ wọlé ńkọ́? Òdo lẹ máa fi pín, Python á sì fi ZeroDivisionError (ìkìlọ̀ pé a ò lè fi òdo pín nǹkan) dá yín dúró. Kò sí ìkankan nínú èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè.

Ẹ̀bi àwa olùkọ́ pọ̀ níbẹ̀. A máa ń kọ kóódù sójú pátákó, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, a ó ní ó ti yé e. Ní báyìí tí ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá, ti ń bá wọn kọ èdè náà, àlébù yìí á túbọ̀ hàn. Ọgbọ́n kan tí Dale Parsons àti Patricia Haden gbé jáde ní New Zealand ní 2006 ni mo fẹ́ràn jù: ẹ kọ kóódù tó pé, ẹ gé e sí ìlà-ìlà, ẹ dà wọ́n rú, kí akẹ́kọ̀ọ́ tò wọ́n padà. Pépà àti sísọ́ọ̀sì ti tó. Iná mànàmáná ò pọn dandan.