Ẹ yé di ẹrù Stalingrad lé Románíà lórí

Bí ọ̀rọ̀ ogun Stalingrad, ìlú Rọ́ṣíà tí Jámánì àti Románíà tó ń gbè é lẹ́yìn gbógun tì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bá ti délẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé àwọn ọmọ ogun Románíà ló já Jámánì kulẹ̀. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe rí Rọ́ṣíà lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, tí ọ̀tá fi ráyè yí Paulus, ọ̀gágun Jámánì ní Stalingrad, àtàwọn ọmọ ogun rẹ̀ ká. Irọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì ń dùn mí pé a ṣì ń tún un sọ.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1942 ni Ọ̀gágun Dumitrescu ti Románíà ti rí i pé Rọ́ṣíà ṣì di ilẹ̀ mú ní ìhà tí Románíà wà lẹ́bàá odò Don, ní Kletskaya àti Serafimovich. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lé wọn sọdá, kí odò náà lè di odi fún àwọn. Jámánì kò rí ọmọ ogun fi ràn án lọ́wọ́. Inú ìlú Stalingrad ni gbogbo agbára wọn wà. Àgbá mìlímítà 37 tó wà lọ́wọ́ àwọn Románíà, ẹṣin ló ń wọ́ ọ, ọta rẹ̀ kò sì ran táǹkì T-34 ti Rọ́ṣíà. Àgbá mìlímítà 75 tó lágbára jù ú lọ, mẹ́fà péré ló kan dífíṣọ̀n (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá) kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ni Rọ́ṣíà ya dé. Táǹkì Jámánì tó yẹ kó gbà wọ́n sílẹ̀ ti wà nínú kòtò tipẹ́, wọ́n fi koríko gbígbẹ bò ó nítorí òtútù. Èkúté ti wọ inú koríko náà, wọ́n ti jẹ wáyà iná. Èyí tó ju ìdajì lọ kò ṣeé lò. Heim, ọ̀gá tó ń darí wọn, ni Hitler jù sẹ́wọ̀n.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ Románíà sá. Ta ni kò ní sá, tí táǹkì ń bọ̀ tí ọta rẹ ń ta dànù lára rẹ̀? Ṣùgbọ́n Ọ̀gágun Lascăr àtàwọn tirẹ̀ kò sá. Ọ̀tá yí wọn ká, wọ́n ṣì ń jà. Hitler fúnra rẹ̀ fún un ní àmì ẹ̀yẹ tí wọn kò tíì fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ Jámánì rí, kó tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Dífíṣọ̀n Románíà méjì wà nínú àhámọ́ náà pẹ̀lú Paulus títí ó fi parí ní oṣù kejì ọdún 1943. Ọ̀kan nínú wọn, ológun ẹlẹ́ṣin ni. Nígbà tí ebi dé, ẹṣin wọn wà lára ẹran tí wọ́n pa jẹ.