Ìkùukùu Tó Ń Wọ́ Nílẹ̀: Bí Epo Tó Kún Jù Ṣe Ń Di Ìbúgbàù

Láàárín ìgbà tí gáàsì jò sí ìgbà tó bú, ìrìn kan wà. Ó lè má ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, ó sì lè ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Inú ìrìn yẹn la ti máa ń mọ̀ bóyá gáàsì máa túká, bóyá ó kàn máa jó lọ bùlà, tàbí bóyá ó máa wó ilé tó jìnnà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń ṣírò ìrìn yìí. Síbẹ̀, ìbúgbàù kan ní Buncefield, ibi tí wọ́n ń kó epo pamọ́ sí lẹ́bàá ìlú Hemel Hempstead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2005, tú ìṣirò wọn ká.

Ìwọ̀n ló ṣáájú. Gáàsì nìkan kì í jó, àfi tó bá po mọ́ afẹ́fẹ́ níwọ̀n tó yẹ. Propane, tó wà nínú gáàsì ìdáná, kò ní gbiná bí kò bá tó nǹkan bí ìdá 2 nínú 100. Bó bá sì kọjá ìdá 9.5, ó ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó yẹ kó bá a jó lọ. Ti methane jẹ́ 5 sí 15. Ti bẹntiróòlù jẹ́ nǹkan bí 1.4 sí 7.6. Hydrogen ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 4, ó sì ń gbiná títí dé nǹkan bí 75. Ohun tí èyí já sí ni pé ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti ń jò gan-an lè má gbiná, nítorí gáàsì ti pọ̀ jù níbẹ̀, kó sì jẹ́ pé etí ìkùukùu tó ti rìn jìnnà ni iná máa ti mú un. Iná náà kò sì nílò kó tóbi. Nǹkan bí 0.25 mílíjúùlù, agbára tó kéré gan-an, tó fún propane, bẹ́ẹ̀ iná tó máa ń ta síni lọ́wọ́ lára aṣọ náílọ́ọ̀nù nígbà ọyẹ́ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwúwo ló tẹ̀ lé e. Methane fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń gòkè, àfi tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde láti inú omi gáàsì tó tutù dé 162 lábẹ́ òdo ní ìwọ̀n Celsius; nígbà yẹn, òtútù á mú un dùbúlẹ̀ fúngbà díẹ̀. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àtààbọ̀, butane ní ìlọ́po méjì, èyí tó ń jáde lára bẹntiróòlù sì lè dé ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin. Irú gáàsì báyìí kì í fò, bí omi ló ṣe ń ṣàn. Ó ń wá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ó ń wọ gọ́tà, ó ń kóra jọ sínú kòtò, ó sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Ní Buncefield, láti nǹkan bí aago méje alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti ń fi ọ̀pá epo rọ bẹntiróòlù sínú táńkì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 912. Ní nǹkan bí 03:05 òru, gééjì tó ń fi ìwọ̀n epo hàn lójú kọ̀ǹpútà dúró sójú kan. Epo ṣì ń wọlé ní nǹkan bí 550 mítà onígun mẹ́ta láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń wo kọ̀ǹpútà, táńkì náà kò kún sí i. Aago ìkìlọ̀ tó yẹ kó dún kò dún, torí ọ̀dọ̀ gééjì tó dúró yìí náà ló ti ń gba ìròyìn. Súìṣì mìíràn wà lórí táńkì, tó dá dúró lọ́tọ̀, tó yẹ kó ti fáàfù pa nígbà tí epo bá dé òkè pátápátá. Òun náà kò ṣiṣẹ́.

Epo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti orí táńkì. Ibí yìí ni ọ̀ràn ti yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ìṣirò àtijọ́ ní lọ́kàn. Bí epo bá dà sílẹ̀ tó sì di adágún, ojú adágún yẹn nìkan ló ń gbẹ, díẹ̀díẹ̀ ni gáàsì á sì máa jáde. Ṣùgbọ́n ara táńkì yìí ní irin tó yọ sóde yí i ká. Bí epo ṣe ń já bọ́ ló ń ta lára irin náà, tó ń fọ́ sí ẹ̀kán wẹ́wẹ́ bí òjò winniwinni. Ẹ̀kán wẹ́wẹ́ a máa tètè gbẹ, bó sì ṣe ń já bọ́ ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra wálẹ̀. Bẹntiróòlù ìgbà òtútù sì ni, èyí tí wọ́n fi butane púpọ̀ sí kí mọ́tò lè tètè jí. Ohun tó dé ìdí táńkì nígbà náà kì í ṣe epo lásán mọ́, gáàsì tó ti po mọ́ afẹ́fẹ́ dáadáa tó sì tutù ni. Òtútù rẹ̀ mú omi inú afẹ́fẹ́ di kùrukùru funfun. Kùrukùru yìí ni kámẹ́rà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ní 05:38, tó ń ṣàn kọjá ògiri tó yí táńkì ká. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti ga tó mítà 2. Ó lé ní 250,000 lítà epo tó dà dànù.

Kò sí atẹ́gùn lówùúrọ̀ yẹn. Ẹni tó bá ti rí èéfín iná igi tó dùbúlẹ̀ lórí abúlé láàárọ̀ ọyẹ́ mọ irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀: òkè gbóná ju ilẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tó wà nísàlẹ̀ kò rí ọ̀nà gòkè. Lábẹ́ ìlànà tí Pasquill, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́, gbé kalẹ̀ ní 1961, wọ́n pín ipò afẹ́fẹ́ láti A, tó ń dàrú gan-an, dé F, tó dúró jẹ́ẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò ilé iṣẹ́ sábà máa ń mú méjì nínú wọn: D pẹ̀lú atẹ́gùn mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti F pẹ̀lú mítà 2. Bí atẹ́gùn bá ti súnmọ́ òdo pátápátá, ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò yìí kò ṣeé gbára lé mọ́. Àwọn ìdánwò ńlá tí wọ́n fi kọ́ wọn, bíi ti Maplin Sands ní 1980 àti ti Thorney Island láàárín 1982 sí 1984, níbi tí wọ́n ti tú gáàsì tó wúwo jáde sórí pápá tó tẹ́jú, ní atẹ́gùn tó ń gbé gáàsì lọ síbì kan. Ní Buncefield, gbogbo ìhà ni ìkùukùu náà gbà lọ.

Ní 06:01 ó bú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé pọ́ǹpù panápaná ni iná ti mú un, bí pọ́ǹpù náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn 43 ló fara pa, kò sí ẹni tó kú, nítorí ọjọ́ Àìkú ni. Ó lé ní 20 táńkì tó jóná, àwọn tó ń wọn ìmìtìtì ilẹ̀ sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìmìtìtì tó jẹ́ 2.4 lórí òṣùwọ̀n Richter.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni bó ṣe le tó. Ìṣirò tó wà nígbà yẹn ì bá sọ pé 20 sí 50 mílíbáà (òṣùwọ̀n agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti nǹkan) ni ìbúgbàù náà máa fi ti nǹkan, èyí tó lè fọ́ wíńdò. Ohun tí wọ́n rí lára mọ́tò àti ilé tó bàjẹ́ fi hàn pé ó tó 700 sí 1000 mílíbáà níbi ìgbọ́kọ̀sí, àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e sì sọ pé inú ìkùukùu fúnra rẹ̀ kọjá 2000. Kí ló fà á? Bí ìkùukùu bá gbiná ní gbalasa, ọwọ́ iná a máa rìn ní ìwọ̀n mítà mélòó kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, afẹ́fẹ́ á sì ráyè yà fún un. Ṣùgbọ́n bí ohun kan bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀, páìpù tàbí irin ilé iṣẹ́ tó há mọ́ra, gáàsì tí iná ń tì síwájú á máa lọ́ yí wọn ká, ojú ọwọ́ iná á gbòòrò, á jó kíákíá sí i, á sì tún ti èyí tó wà níwájú le sí i. Títì àti jíjó á máa bọ́ ara wọn, títí iná á fi lè di èyí tó ń sáré tó nǹkan bí 1,800 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Buncefield kò sí páìpù púpọ̀ níbi tó ti le jù. Igi àti igbó tó to sí ẹ̀gbẹ́ títì ni. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ní pápá Spadeadam, ní Cumbria, fi hàn pé ẹ̀ka igi lè ṣe iṣẹ́ tí páìpù ń ṣe.

Nítorí náà, bíbéèrè iye tọ́ọ̀nù gáàsì tó jò nìkan kò tó. Ọ̀nà ìṣirò tí àwọn ará TNO, àjọ ìwádìí kan ní Netherlands, gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí 1985 ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: apá ìkùukùu tó há sáàárín nǹkan ló ń dá ìbúgbàù sílẹ̀, ìyókù kàn ń jó ni.

Ní 2009, ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ní Bayamón, Puerto Rico, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá, táńkì kún jù lóru, ní Jaipur, Íńdíà, ní ọjọ́ 29, epo tú jáde lára fáàfù, ènìyàn 11 sì kú. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì, ilẹ̀ sì ti ṣú. Kì í ṣe kòńgẹ́ lásán. Alẹ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ ló ń jẹ́ kí ìkùukùu dúró pẹ́ tó láti rí iná.

Ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì wúlò, bí wọ́n bá gbé e síbi tí gáàsì ń gbà. Ti bẹntiróòlù tàbí gáàsì ìdáná gbọ́dọ̀ wà nítòsí ilẹ̀, ti methane lókè. Wọ́n sábà máa ń ṣètò rẹ̀ láti pariwo nígbà tí gáàsì bá dé ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n tó kéré jù tó lè gbiná. Èyí tó ń lo ooru lè kú láìsí ẹni tó mọ̀ bí èròjà silicone bá kàn án, èyí tó sì ń lo ìmọ́lẹ̀ infrared kì í rí hydrogen rárá. Pọ́ǹpù panápaná yẹ kó jìnnà síbi tí ìkùukùu lè dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwọ̀nyí, lẹ́yìn tí epo ti dà ni. Ohun tó ń dá a dúró kó tó dà ni súìṣì tó dá dúró, tí kò gbára lé gééjì, tí wọ́n sì ń dán wò déédéé.

Súìṣì táńkì 912 ní irin kékeré kan tí wọ́n fi ń dán an wò. Lẹ́yìn ìdánwò, wọ́n gbọ́dọ̀ fi àgádágodo di irin náà mú sí ipò iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ súìṣì náà kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń lò ó níbẹ̀ rò pé nítorí olè ni àgádágodo náà ṣe wà. Wọn kò fi í sí i.