Fóòmù Kọ́ Ni Ilẹ̀ Ríìngì

Ó ti lé ní ọdún 25 tí Undertaker ti ju Mankind, oníjàkadì bíi tirẹ̀ nínú rẹ́sílìn orí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, sílẹ̀ láti orí àgò irin, síbẹ̀ kò sí ìgbà tí fídíò náà máa tún yọjú lórí fóònù tí ẹnì kan kò ní sọ pé, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Fóòmù ni ilẹ̀ yẹn, tòmátì ni ẹ̀jẹ̀ yẹn, kò sí nǹkan tó ṣe ẹnikẹ́ni." Ọ̀rọ̀ yìí ń bí ènìyàn nínú, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yẹn ni wọ́n sì fi ń ti irọ́ tó kù lẹ́yìn.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n ti mọ ẹni tí yóò borí kí aago tó lù. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń jiyàn lé mọ́. Ní ọdún 1989, WWF, ilé iṣẹ́ rẹ́sílìn tí wọ́n ń pè ní WWE báyìí, fúnra wọn ló lọ sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré ìgbafẹ́ ni àwọn ń ṣe, kì í ṣe ìdíje, kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí àti òfin àjọ tó ń mójú tó eré ìdíje. Nínú gídígbò tiwa, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti lulẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó bá a dá àdéhùn. Nínú rẹ́sílìn orí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí yóò dáni àti ẹni tí wọn yóò dá ti jọ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àdéhùn ẹnu kò sọ pákó di tìmùtìmù.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ náà gan-an. Ríìngì WWF fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20 níbùú lóròó, ó sì ga kúrò nílẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3.5 sí 4. Irin ni egungun rẹ̀: òpó kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irin gbọọrọ sì gba abẹ́ kọjá láti òpó dé òpó. Orí irin yẹn ni wọ́n ń to pákó lé, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ èkejì. Fóòmù wà lórí pákó lóòótọ́, àmọ́ bí íǹṣì kan ló sábà máa ń nípọn. Wọ́n á wá na kánfáàsì bò ó, wọ́n á fà á le, wọ́n á sì so etí rẹ̀ mọ́ abẹ́. Íǹṣì kan kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Mátírẹ́ẹ̀sì íǹṣì 4 tí ọmọ iléèwé ń rù lọ sí họ́sítẹ̀lì nípọn jù ú lọ nílọ̀ọ́po mẹ́rin.

Ohun tó ń gba ara là níbẹ̀ ni pé pákó àti irin náà máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí ènìyàn bá balẹ̀ sórí wọn. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo bí inú ìlù, òun ló jẹ́ kó máa dún gbàmù, wọ́n sì tún máa ń fi máíkì sábẹ́ rẹ̀ kí ó lè dún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ariwo kì í ṣe òdiwọ̀n ìrora. Ìṣubú tó dún jù lè jẹ́ èyí tó dùn wọ́n mọ níba, èyí tí kò dún rárá sì lè jẹ́ èyí tó ṣẹ́ ọrùn. Okùn ẹ̀gbẹ́ ríìngì náà kì í ṣe rọ́bà bí àwọn kan ṣe rò. Ti WWF jẹ́ okùn gidi tí wọ́n fi téèpù yí. Ti WCW, ilé iṣẹ́ rẹ́sílìn tó ń bá WWF díje nígbà yẹn, jẹ́ wáyà irin tí wọ́n ki bọ inú ọ̀pá rọ́bà. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ló há Mick Foley, ìyẹn Mankind yìí kan náà, lọ́rùn ní Munich ní Jámánì ní ọdún 1994. Nígbà tó fi máa já ara rẹ̀ gbà, etí ọ̀tún rẹ̀ ti bá a lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣubú ni ọgbọ́n tó wà níbẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń lo oṣù púpọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ́sílìn. Ènìyàn á fi àgbọ̀n kan àyà kí ẹ̀yìn orí má baà gbá ilẹ̀. Á jẹ́ kí òkè ẹ̀yìn rẹ̀, láti èjìká dé èjìká, balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní pẹlẹbẹ. Á na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, á fi àtẹ́lẹwọ́ àti apá gbá ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà tí ẹ̀yìn balẹ̀, á sì mí èémí jáde. Bí àgbọ̀n bá gbé sókè, orí á gbá ilẹ̀. Bí ìdí bá kọ́kọ́ balẹ̀, egungun ìbàdí ló máa jẹ ẹ́. Bí ó bá fi ìgúnpá gbe ara rẹ̀, ìgúnpá á yẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa náà ń dun ún, àmọ́ ìrora tí oorun lè mú lọ ni.

Ti ẹ̀jẹ̀ kò gùn. Ẹ̀jẹ̀ ara wọn ni. Ohun tí wọ́n ń ṣe láyé ìgbà yẹn ni pé wọ́n á ṣẹ́ ìmú abẹ fẹ́lẹ́, wọ́n á fi téèpù wé e kí ṣóńṣó díẹ̀ péré yọ, wọ́n á fi pamọ́ sí téèpù ọwọ́, wọ́n á sì fi ha iwájú orí nígbà tí wọ́n bá dojú bolẹ̀. Òógùn ló ń pò ó pọ̀ tó fi ń bo gbogbo ojú. Àpá rẹ̀ kún iwájú orí àwọn àgbà oníjàkadì títí dòní. Kò sí tòmátì níbẹ̀.

Ó wá ku ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣorí kunkun jù lọ: òrùlé àgò.

June 28, 1998 ni ọjọ́ náà, ní Civic Arena, ìlú Pittsburgh, níbi ètò King of the Ring. Àgò tí wọ́n fi bo ríìngì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16, àwọ̀n wáyà bíi ti fẹ́ńsì ni wọ́n fi ṣe é, òrùlé rẹ̀ náà sì jẹ́ àwọ̀n wáyà. Ìjà kò tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa tí àwọn méjèèjì ti wà lókè. Undertaker dì í mú, ó jù ú sílẹ̀, Mankind sì já lu tábìlì àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń fi èdè Sípéènì sọ ìjà náà. Ìyẹn wà nínú àdéhùn, Foley fúnra rẹ̀ ló sì dá a lábàá. Wọ́n gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó tún gun òkè lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, Undertaker fún un lọ́rùn, ó gbé e, ó là á mọ́ òrùlé. Àwọ̀n wáyà ibẹ̀ ṣí lójijì, Mankind gba inú ihò náà já sí àárín ríìngì, àga irin tó wà lókè sì tẹ̀ lé e, ó gbá a lójú.

Àwọn tó ń jiyàn sọ pé èkejì yìí náà ti wà nínú àdéhùn. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni kámẹ́rà ṣe rí i mú? Èsì ìyẹn rọrùn. Kámẹ́rà ti dojú kọ òrùlé yẹn tẹ́lẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ìjà wà. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n máa mú un.

Ẹ tún fídíò náà wò láti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé òkè, kí ẹ má wo ọwọ́ wọn, ẹsẹ̀ wọn ni kí ẹ wò. Bí wọ́n ṣe ń rìn ni àwọ̀n náà ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ wọn, ohun tí wọ́n fi dè é mọ́ irin sì ti ń já. Àwọn méjèèjì wúwo, Foley nìkan lé ní kílò 120. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti retí pé yóò tẹ̀. Pé yóò ṣí pátápátá lẹ́ẹ̀kan náà, Undertaker àti Foley ti sọ ọ́ ní gbangba láti ọdún pípẹ́ pé kò sí nínú ohun tí wọ́n sọ, Undertaker sì ní òun rò pé ó ti kú ni. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ètò kò ní fi àga irin sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí yóò ti já.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, tó sì yẹ kó parí àríyànjiyàn yìí. Nígbà tí oníjàkadì kan bá fún èkejì lọ́rùn tó sì gbé e sókè, ọwọ́ kan kò lè gbé ọkùnrin kílò 120. Ẹni tí wọ́n ń gbé ló ń fò fúnra rẹ̀, á fi ọwọ́ ti apá ẹni tó dì í mú, á sì na ẹsẹ̀ sókè. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti rẹ Foley látàrí ìṣubú àkọ́kọ́, kò lè fò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lórí òrùlé kí àwọ̀n tó ṣí. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ohun tó gba ẹ̀mí òun là nìyẹn. Ká ní ó fò bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá ti lọ sókè jù, orí tàbí ọrùn ni ì bá fi balẹ̀. Ta ló máa ṣètò irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Ìdí tí èkejì fi burú ju àkọ́kọ́ lọ ni àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fóòmù kò fẹ́ gbọ́. Láti òrùlé dé orí tábìlì tó ẹsẹ̀ bàtà 13, láti òrùlé dé orí ríìngì tó 12. Eré tó fi balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì sún mọ́ ara wọn, nǹkan bíi kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Bí ara ṣe dúró ló yàtọ̀. Ẹni tó mọ mángòrò hán, bí wọ́n bá jù ú sí i láti orí igi, á fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ó ṣe ń hán an. Ẹni tó na ọwọ́ le gangan, á ta á lọ́wọ́. Tábìlì yẹn ń fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká, ó ń lọ sílẹ̀ pẹ̀lú Foley. Bí ara bá rìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 kó tó dúró pátápátá, agbára tó máa gbá a tó nǹkan bí ìlọ́po 13 ìwúwo ara rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré, ó di ìlọ́po tó lé ní 70. Ilẹ̀ ríìngì súnmọ́ ti ìkejì yìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lẹ́ẹ̀kíní ó mọ̀ pé òun ń bọ̀ nílẹ̀, ó ti ká àgbọ̀n mọ́ra. Lẹ́ẹ̀kejì kò sí àyè láti ká ohunkóhun mọ́ra.

Ó dákú. Ẹ wo Terry Funk, oníjàkadì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sáré wọlé wá bọ́ sáàárín: Undertaker gbé e là mọ́lẹ̀ débi pé bàtà rẹ̀ bọ́ sórí ríìngì. Kí Foley lè rí ààyè ta jí ni Funk ṣe gba ìyà yẹn. Nígbà tí kámẹ́rà sún mọ́ ojú Foley ní igun, ó dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín. Eyín ti lu ihò sí abẹ́ ètè rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ ló ń gbìyànjú láti tì gba ihò yẹn jáde, eyín kan sì wà ní imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé e lu ìṣó kéékèèké tí wọ́n fi ń lẹ ìwé mọ́ pátákó, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìjà tó parí. Ọpọlọ rẹ̀ mì, èjìká àti àgbọ̀n rẹ̀ yẹ̀.

"Ṣebí ó tún jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, nínú ìjà àwọn oníjàkadì méjì mìíràn, Kane àti Stone Cold?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó jáde. Ara tó gbóná kì í tètè mọ ìrora, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mì sì lè máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀, kó má sì rántí ohun tó ṣe. Pé ènìyàn dìde kò fi hàn pé kò farapa.

Mi ò wá ní gbogbo ìṣubú inú rẹ́sílìn ló ń ṣeni léṣe. Ọ̀pọ̀ jù lọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè ṣe é lálaalẹ́. Ìjà kan kò sì lè dúró fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ní August 1997, oníjàkadì Owen Hart fi orí Stone Cold gbá ilẹ̀ níbi ètò SummerSlam, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kú fún ìgbà díẹ̀ lórí ríìngì. Ní May 1999, Owen Hart fúnra rẹ̀ já láti àjà gbọ̀ngàn ní Kansas City, ó sì kú. Ní October ọdún kan náà, Darren Drozdov, tí wọ́n ń pè ní Droz, fi orí balẹ̀ nínú ìjà tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí bíi tàwọn yòókù, kò sì tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí tó fi kú ní 2023. Orí ilẹ̀ onífóòmù tí wọ́n ń sọ yẹn náà ni Stone Cold àti Droz balẹ̀ sí.

Ohun tó mú kí n tẹnu mọ́ ọn ni àwọn ọmọ. Ọmọ tí ẹ bá sọ fún pé fóòmù ni, mátírẹ́ẹ̀sì ilé ló máa lọ fi dán an wò, á sì gbé àbúrò rẹ̀ là á mọ́lẹ̀. Mátírẹ́ẹ̀sì kò gba ọrùn là. Bí orí bá rì sínú fóòmù nígbà tí ara ṣì ń bọ̀, ọrùn ló máa ká. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, tí ọmọ náà ní ọrùn ń dun òun, tàbí pé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ òun ń kú, ẹ má gbé e jókòó, ẹ má fún un lómi mu, ẹ má fà á lọ́rùn láti tò ó. Kí ẹnì kan kúnlẹ̀ síbi orí rẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí náà mú bó ṣe wà, kí ẹlòmíràn pe 112, tàbí 767 bí ẹ bá wà ní Èkó. Kí ẹni tó di orí mú má ṣe tú ọwọ́ sílẹ̀ títí àwọn elétò ìlera yóò fi dé.