Báwo ni Joan Joyce ṣe ju bọ́ọ̀lù tí Ted Williams kò rí gbá?

Ta ni Joan Joyce?

Ọmọ Waterbury ni, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní 1940, ó kú ní 2022. Softball, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kí ẹlòmíràn fi igi gbá a bíi ti baseball, ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀ọ́ká, pàápàá nínú ẹgbẹ́ Raybestos Brakettes. Ó tún mọ bowling (yíyí bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ láti fi bi òpó kéékèèké ṣubú), básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, fọ́líbọ́ọ̀lù àti gọ́ọ̀fù. Ní 1982, ìgbà 17 péré ló fi igi ti bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ihò kó tó parí gbogbo ihò 18! Ẹni bá ti di igi gọ́ọ̀fù mú rí á mọ bí ìyẹn ti le tó.

Ṣé lóòótọ́ ló borí Ted Williams?

Òótọ́ ni. Ní 1961, ní Waterbury, wọ́n ṣeré láti fi kówó jọ fún ìtọ́jú àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ. Joyce ń jù, Williams, gbajúgbajà agbábọ́ọ̀lù baseball, di igi mú, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni igi ń kan bọ́ọ̀lù. Ẹ má gbàgbé irú ẹni tí Williams jẹ́ o: nínú ìgbà 456 tó dúró gbá baseball ní 1941, ó gbá 185 já sí rere.

Kí ló wá fà á?

Ibi tó dùn jù nìyí. Ẹni tó ń ju baseball jìnnà sí ẹni tó ń gbá a ní ẹsẹ̀ bàtà 60 àti íǹṣì 6. Softball àwọn obìnrin nígbà náà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40 péré ni. Bọ́ọ̀lù Joyce ì báà má yá tó ti ọkùnrin, kíá ló dé iwájú igi.

Èyí tó tún ṣòro ni ibi tí bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀. Orí òkìtì ni ajùbọ́ọ̀lù baseball ń dúró sí, òkè orí ló ti ń jù ú, bọ́ọ̀lù sì ń wálẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni ti Joyce ti ń jáde, ó ń gòkè bọ̀. Ó tún máa ń yí i sẹ́yìn bó ṣe ń jù ú, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kó tètè wálẹ̀. Ojú Williams, tó ti fi nǹkan bí ogún ọdún kọ́ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń rọ̀, ti fojú sun ìsàlẹ̀; igi á gba abẹ́ bọ́ọ̀lù kọjá.

Ṣé bowling bá a tan?

Lójú tèmi, ó bá a tan. Joyce kì í yí apá rẹ̀ po bíi ti ọ̀pọ̀ ajùbọ́ọ̀lù òde òní. Á fà á sẹ́yìn, á sì fi í síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí bí ẹni fa kànnàkànnà. Ọ̀nà kan náà ni apá ń gbà nínú bowling.

Kí ló dé tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Òlíńpíìkì?

Atlanta 1996 ni softball tó kọ́kọ́ wọ Òlíńpíìkì. Ọmọ ọdún 55 ni Joyce nígbà náà, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Florida Atlantic University. Ẹnu iṣẹ́ náà ló wà títí ó fi kú, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ sì ti borí nígbà tó lé ní 1,000.