Gbígba fídíò kámẹ́rà fóònù sínú ètò kọ̀ǹpútà lórí Wi-Fi

Gbígba fídíò kámẹ́rà fóònù lórí Wi-Fi ni ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà ń gbà rí ohun tí kámẹ́rà fóònù ń yà lọ́wọ́, láìsí wáyà láàárín fóònù àti kọ̀ǹpútà náà. Áàpù kan lórí fóònù ni ó ń sọ fóònù náà di server, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín nǹkan fún àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sábà máa ń fi èdè Python kọ, yóò wá kàn sí i, yóò sì máa gba àwòrán lọ́wọ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Bí áàpù bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò gbé àdírẹ́sì kan jáde, irú bíi http://192.168.1.5:8080. Àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 wà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì abẹ́lé nìkan, nítorí náà fóònù àti kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Nínú áàpù IP Webcam ti Android, a gbọ́dọ̀ fi /video kún ìdí àdírẹ́sì yìí. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ yóò bá ojú-ewé ìṣàkóso pàdé dípò fídíò, ètò rẹ̀ kò sì ní rí nǹkan kan kà. Ẹni tó bá ń fẹ́ àwòrán ẹyọ kan péré lè lo /shot.jpg.

Ohun tó ń wá láti /video ni MJPEG, ìyẹn àwọn àwòrán JPEG tó ń tẹ̀ léra lórí HTTP. Ó máa ń gba dátà ju H.264, ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀, lọ, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tú, nítorí pé àwòrán kọ̀ọ̀kan dá dúró láìgbára lé èyí tó ṣáájú rẹ̀.

OpenCV, àkójọ irinṣẹ́ fún iṣẹ́ àwòrán tí ilé-iṣẹ́ Intel bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò láti gbà á:

kamera = cv2.VideoCapture("http://192.168.1.5:8080/video")
wa, aworan = kamera.read()

Nǹkan méjì ni read() ń dá padà. Èkíní ń sọ bóyá àwòrán wọlé tàbí kò wọlé, èkejì sì ni àwòrán fúnra rẹ̀. Bí Wi-Fi bá já, èkíní yóò di False. Ètò tí kò bá yẹ èyí wò kí ó tó fi àwòrán hàn yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró lójijì. Àwòrán tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 640, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 480, máa ń gba báìtì 921,600 nínú mẹ́mórì, nítorí pé nọ́ńbà mẹ́ta, báìtì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló dúró fún àwọ̀ pixel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Búlúù ni OpenCV ń tò síwájú, kì í ṣe pupa, ìdí sì nìyí tí awọ ara ènìyàn fi máa ń dà bí búlúù nínú àwọn irinṣẹ́ mìíràn tó ń tò pupa síwájú.

Ìṣòro tó le jù ni ìfàsẹ́yìn. Bí fóònù bá ń fi àwòrán 30 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ètò sì ń lo ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá péré ni yóò lè ṣe. Àwọn tó kù yóò tò sínú buffer, ìyẹn ibi tí àwòrán ti ń dúró de ìgbà tí ètò yóò kà á. Ènìyàn lè ju ọwọ́ níwájú kámẹ́rà, kí ọwọ́ náà sì tó mì lójú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn tí ó ti sọ ọ́ kalẹ̀. Dídín buffer kù pẹ̀lú CAP_PROP_BUFFERSIZE, tí OpenCV fi ń yan bí buffer ṣe tóbi tó, kì í ṣiṣẹ́ níbi gbogbo. Èyí tó dájú jù ni kí thread kan, ìyẹn apá ètò tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn apá yòókù ní àkókò kan náà, máa ka àwòrán láìdúró, kí ó sì pa èyí tó dé kẹ́yìn nìkan mọ́, kí iṣẹ́ tó kù máa mú un lọ́wọ́ rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá ṣetán.