Kí ni à ń pè ní orin ìfẹ̀hónúhàn sí ìjọba ológun?

Níbi ayẹyẹ àwa ọmọ Yorùbá kan ní Kubwa, ní Àbújá, wọ́n lu «Zombie», orin Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1999 bi mí pé, báwo ni orin tí gbogbo wa ń jó sí yìí ṣe jẹ́ orin ìfẹ̀hónúhàn? Inú ijó náà gan-an ni ìdáhùn wà.

Orin ìfẹ̀hónúhàn sí ìjọba ológun ni orin tí akọrin fi ń sọ fún àwọn tí ń fi ìbọn ṣèjọba pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò tọ́. Ó yàtọ̀ sí orin òwe: obìnrin tí ó bá ń fi orin òwe bá orogún rẹ̀ wí ṣì lè ní òun kò bá ẹnikẹ́ni wí, ṣùgbọ́n nínú «Zombie», kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé sójà ni Fẹlá ń bá wí.

Ọdún 1976 ni Fẹlá kọ orin náà, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, ọdún kan náà tí ìjọba ológun ṣòfin pé Àbújá ni olú-ìlú yóò kó lọ. Fẹlá mú àṣẹ tí wọ́n fi ń darí ọmọ ogun níbi páréèdì, irú bíi yà sósì, yà sọ́tùn-ún, ó fi ṣe lílé, àwọn elégbè sì ń fi orúkọ zombie, ìyẹn òkú tí a jí dìde, gbè é. Ẹni tí ó bá ń jó o ti ń fi ẹsẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ológun kí ó tó la ẹnu. (Ẹ má ṣe pe zombie ní àkúdàáyà o: àkúdàáyà a máa dá lọ sí ìlú mìíràn, a máa ṣòwò, a sì máa láya níbẹ̀, ṣùgbọ́n zombie kò lè gbé ẹsẹ̀ àfi tí ẹni tí ó ni ín bá pàṣẹ.)

Pijin ni ó fi kọ ọ́. Ká ní Yorùbá pọ́ńbélé ni, Hausa àti Gbagyi tí a jọ ń ná ọjà Wuse kì bá mọ ohun tí à ń rẹ́rìn-ín sí.

Ní 18 Oṣù Kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé Fẹlá ní Èkó, èyí tí ó pè ní Kalakuta, wọ́n sì dáná sun ún. Orin yìí nìkan kọ́ ni ó fà á, nítorí Fẹlá ti kọ̀ láti bá ìjọba lọ́wọ́ sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ìjọba ológun ṣe, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀. Wọ́n gba ojú fèrèsé òkè ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, sílẹ̀. Màmá kú ní 1978. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí ní sójà tí a kò mọ̀ ni ó dáná sun ilé náà, Fẹlá gba gbólóhùn yẹn lẹ́nu wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti gba àṣẹ páréèdì, ó sì sọ ọ́ di orin «Unknown Soldier».